Bí Abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ṣe Lè Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Dúró: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti dópin tí oko kòkó sì bẹ̀rẹ̀, mo rí ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ POS ṣòwò, tó so ẹ̀rọ náà mọ́ orí ọ̀pá kan tó gùn tó ènìyàn. Bí oníbàárà bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tán, ìyá náà á gbé ọ̀pá sókè kọjá etí páànù ìsọ̀ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo bi í pé, “Màmá, kí lẹ ń kà?” Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ka ogún tí kò tíì mú un, ẹ̀rù á bà mí. Bí wọ́n bá yọ owó oníbàárà tí kò dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni wọ́n máa bá jà.”

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé yìí ti kọ lẹ́tà mẹ́ta láti béèrè òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn lóhùn. Nígbà tí a gbé fóònù jáde láti wọn agbára ìgbì tó ń dé ibẹ̀, a bá −118 lábẹ́ páànù ìsọ̀ náà, a sì bá −97, tó dára jù ú lọ dáadáa, ní orí ọ̀pá, ní ìta. Ìgbì ń dé abúlé náà. Páànù ni kò jẹ́ kó wọlé. Ohun tí wọ́n ń fi lẹ́tà béèrè kọ́ ni ohun tó ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ibi ìwọ̀n ni ìtọ́sọ́nà yìí ti bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú láti kọ lẹ́tà pé kí ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín gan-an

Nígbà tí ará oko bá sọ pé “kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì”, ohun mẹ́rin tí kò jọra ló lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ìgbì kò dé ibẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ó ń dé ìta, tí kò sì wọlé, gẹ́gẹ́ bí ti ìyá yẹn. Ó lè jẹ́ pé àmì kún fọ́fọ́ lójú fóònù, síbẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣí, nítorí pé èrò ti pọ̀ jù lórí òpó kan ṣoṣo, tàbí pé ọ̀nà tí òpó náà ń gbà bá ìyókù íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ ti há. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń lọ, ó ń bọ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ iná: bátìrì òpó ti gbó, díísù ti tán, tàbí wọ́n ti jí ọ̀kan nínú méjèèjì gbé.

Kò nira láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀ láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́wàá, tó sì ń sáré ní aago mẹ́rin ìdájí, èrò ló pọ̀. Bí gbogbo ẹni tó ń lo síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà bá pàdánù àmì lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì padà fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, iná ni. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé nìkan ló ti ń dàrú, ilé ni.

Láti wọn ìgbì náà, ẹ tẹ *#*#4636#*#* lórí fóònù Android, bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn. Ojú ewé kan á ṣí tí yóò fi agbára ìgbì hàn ní dBm. Àwọn fóònù kan kì í ṣí i. Lórí irú wọn, ẹ wọ Settings, kí ẹ wá About phone, kí ẹ sì wo SIM status. Nọ́ńbà náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà bí ó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni ó dára tó. Lórí 4G, −90 sókè dára. Láti −91 dé −105 ṣeé fara mọ́. Bí ó bá ti kọjá −110 lọ sísàlẹ̀, ìpè á máa já, dátà á sì máa wọ́. Ẹ fi sọ́kàn pé ìyàtọ̀ mẹ́ta lórí ìwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ mẹ́wàá sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Láti −118 lábẹ́ páànù dé −97 ní ìta, agbára ìgbì ti fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ju ara wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàrin ibi méjèèjì.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ yan ibi mẹ́wàá tí iṣẹ́ ìlú ti ń lọ: ilé-ìwé, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì, ọjà, ojúde Ọlọ́jà, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbèrò. Ẹ wọn ìgbì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì ṣe é fún síìmù gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá lè rí. Ẹ má fo èyí dá. Mo ti rí abúlé tí gbogbo ènìyàn ń lo síìmù kan ṣoṣo nítorí pé òun ni àwọn ọmọ wọn ní Èkó ń lò, tí síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń mú dáadáa níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ kò nílò lẹ́tà kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe ohun tí agbára yín ká kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni

Ojúlówó ọ̀tá ìgbì nínú ilé oko wa ni páànù. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá. Ilé tí wọ́n fi páànù bò, tí fèrèsé rẹ̀ sì kéré, dà bí àpótí. Rúútà, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń pín in fún fóònù, kò ní ṣe ju fóònù lọ bí a bá gbé e sínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí a gbé ohun tó ń gba ìgbì síta, sí òkè, kí a wá fi okùn mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Ibi okùn yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò owó. Wọ́n á ra eríà tó dára, wọ́n á gbé e sórí ọ̀pá gíga, wọ́n á wá fi okùn eríà tẹ́ẹ́rẹ́ mítà mẹ́wàá so ó mọ́ rúútà nínú yàrá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní RG58 lè gbé nǹkan bíi dB mẹ́jọ dé mẹ́wàá mì lórí mítà mẹ́wàá ní ìgbì tí 4G ń lò, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí eríà rí gbà lókè, okùn ti jẹ ẹ́ kó tó délẹ̀. Okùn tó nípọn bíi LMR-400 kì í jẹ ju nǹkan bíi méjì lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rúútà tí wọ́n ṣe fún ìta, tí eríà rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, tí a ó so mọ́ orí ọ̀pá, tí okùn Ethernet kan ṣoṣo yóò sì máa gbé iná lọ sókè, tí yóò máa gbé dátà wá sísàlẹ̀. Okùn Ethernet lè gùn tó 100 mítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó sì wà ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù.

Kí ẹ tó ra rúútà, ẹ béèrè ìgbì tó ń gbà. Ìgbì 700 àti 800 MHz máa ń rìn jìnnà, ó sì ń kọjá lára ewé àti ògiri ju 1800 lọ, 1800 náà sì ju 2600 lọ. Rúútà àti fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè má ní àwọn ìgbì kan tí wọ́n ń lò níhìn-ín, kó wá jẹ́ pé ẹrù ni ẹ rà.

Láti darí eríà, ẹni kan á wà lókè, ẹnì kejì á máa wo nọ́ńbà nísàlẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ńbà kì í yí padà kíá, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ọ̀pá tí irin rẹ̀ nípọn ló dára. Ọparun náà ń ṣe é fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà nínú òjò wa. Ẹ ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ààrá, kí ẹ so ó mọ́ ọ̀pá irin náà pẹ̀lú wáyà tó nípọn, kí ẹ sì yọ okùn kúrò lára rúútà nígbàkúùgbà tí ojú ọ̀run bá ti ń sú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ gun ọ̀pá nígbà tí ààrá ń sán, bó ti wù kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ wò ṣe pàtàkì tó.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rà ni àpótí tí wọ́n ń pè ní booster, èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ “fa” nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rúútà àti eríà tirẹ̀ kì í pa ẹlòmíràn lára; booster ń gba ìgbì ilé-iṣẹ́, ó sì ń tún un jù sáfẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ, ariwo rẹ̀ á sì dí òpó lọ́wọ́ láti gbọ́ fóònù àwọn aládùúgbò. NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ pé lílò rẹ̀ láìgbàṣẹ lòdì sófin.

Fún ìlú méjì tó súnmọ́ra, tí ọ̀kan ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dára tí èkejì kò ní, a lè fi eríà Wi-Fi méjì tó kọjú síra gbé e ré kọjá. Ojú gbọ́dọ̀ rí ojú. Kò tún tó pé kí ẹ rí ọ̀pá kejì gaara láàrin igi. Ìgbì náà máa ń fẹ̀ ní agbede méjì. Lórí kìlómítà márùn-ún, pẹ̀lú ìgbì 5.8 GHz, ó gba nǹkan bíi mítà mẹ́jọ yí ìlà náà ká ní àárín, ó kéré tán kí márùn-ún nínú rẹ̀ ṣófo. Igi tíìkì tí kò dí i lọ́wọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè dí i nígbà tí ewé rẹ̀ bá yọ tí òjò sì rin ín. Àwọn ará etí ọ̀sà ní ìhà Ìwópin àti Abígì ní àǹfààní tí ará igbó J4 kò ní, nítorí omi tẹ́jú, ìgbì sì ń rìn jìnnà lórí rẹ̀. Síbẹ̀ 2G, ìgbì àtijọ́ tí fóònù fi ń pe ènìyàn, kì í sábà dáhùn bí òpó bá jìnnà ju 35 kìlómítà lọ, bí àmì tilẹ̀ hàn lójú fóònù. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé wá bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ NCC irú ìwé àṣẹ tó yẹ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò iná

Rúútà kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì mẹ́wàá, ìyẹn 240 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì 12V, 100 Ah, gba 1,200 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ kò fẹ́ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì lè mú 300 dé 400 wá ní ọjọ́ tí oòrùn ràn. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bátìrì kan àti pánẹ́ẹ̀lì kan ń gbé rúútà kan dáadáa, tí kò sì sí ẹni tó ń ra epo. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ abúlé bá ń gbé fóònù wá síbẹ̀ fún ṣáàjì. Ẹ pèsè pánẹ́ẹ̀lì mìíràn fún ìyẹn, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, fún ibi tí ìgbì kò dé rárá

Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní January 2023. Sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 550 kìlómítà sí ilẹ̀, nígbà tí ti àtijọ́ wà ní 35,786. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀ kíá lórí rẹ̀. Ohun tó nílò ni ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀, kì í ṣe òpó. Nínú igbó Ọmọ àti àwọn oko kòkó tó yí i ká, ibi gbangba tó sábà máa ń wà ni pápá ilé-ìwé, ibẹ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wò.

Àwo rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń jẹ 50 dé 100 wáàtì. Èyí tó kéré ń jẹ 25 dé 40, òun sì ni sólà abúlé lè gbé láìlágbára púpọ̀. Owó rẹ̀ lóṣooṣù wúwo fún ilé kan, ṣùgbọ́n kò wúwo bí ilé ìwòsàn, ilé-ìwé, àwọn oníṣòwò gàárì àti àwọn oní-POS bá dá a pọ̀. Ẹ ka àdéhùn dáadáa: ètò ti ilé kò fàyè gba títà fún ẹlòmíràn, ètò mìíràn ni ẹ ó béèrè fún ìyẹn.

Níbo ni owó yóò ti wá? Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń padà sílé fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ ọdún. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìjẹ̀bú? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá, iye owó tó dájú àti àwòrán ọ̀pá náà wá síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ọdún, yóò rí owó gbà ju ẹni tó kàn dìde tó ní “ẹ bá wa wá nǹkan ṣe” lọ. Ní Rẹ́mọ, láti Ìṣarà títí dé Ìlíṣàn, ọjọ́ ìlú ni kí ẹ lò fún èyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ó bá jẹ́ òpó gan-an ni ẹ nílò

Ilé-iṣẹ́ kì í gbé òpó dé ibi tí wọ́n bá ti ṣàánú. Wọ́n ń ṣírò èrò, ọ̀nà, iná àti owó tí wọn yóò rí. Nítorí náà ẹ kọ ohun tí wọ́n ń wá sínú lẹ́tà: iye ilé tí ẹ kà fúnra yín, iye fóònù inú ilé kọ̀ọ̀kan, iye tí ènìyàn ń ná lórí káàdì lóṣù, ọjọ́ ọjà àti àwọn ìlú tí èrò ti ń wá síbẹ̀, iye ẹ̀rọ gàárì, iye oní-POS, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, àti àwọn abúlé mìíràn tí òpó kan náà lè bò. Abúlé márùn-ún tó fọwọ́ sí lẹ́tà kan lágbára ju lẹ́tà márùn-ún lọ. Ẹ so ìwé àkọsílẹ̀ ìgbì mọ́ ọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ni òpó bíi IHS àti ATC, sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, àti sí USPF, owó àkànṣe tó wà lábẹ́ NCC fún àwọn ibi tí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kò dé.

Bí òpó bá ti wà, tó kàn ń dákú ni, ọ̀nà mìíràn ni. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lórí 300, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622 pẹ̀lú nọ́ńbà náà lọ́wọ́; láìsí i, wọn yóò dá yín padà síbi tí ẹ ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ilẹ̀, àti owó ọmọ onílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n inú ilé wa ló wà. Ní January 2020, àwọn gómìnà fohùn ṣọ̀kan pé ₦145 lórí mítà kan ni kí owó ọ̀nà jẹ́, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà kí wọ́n tó lè gbé okùn fáíbà, okùn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, kọjá lórí ilẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò wúlò bí okùn náà bá dé ẹnu ààlà ìlú, tí àwọn ọ̀dọ́ ìtún kìíní gba owó, tí ìtún kejì gba tirẹ̀, tí ìdílé onílẹ̀ náà sì tún dé lẹ́yìn wọn. Mo mọ iṣẹ́ kan tó dúró ní ìlú kan ní Rẹ́mọ fún oṣù púpọ̀ lórí irú èyí. Nígbà tó yá, okùn náà gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ìlú kejì, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Kí òṣìṣẹ́ kankan tó dé, kí ọba tàbí Ọlọ́jà pe àwọn olórí ìtún, àwọn ìdílé onílẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Fún ilẹ̀ òpó, ẹ yá a fún wọn, ẹ má tà á. Kí ìdílé tó ni ín yan ẹni méjì tí yóò máa gba owó rẹ̀, kí sọfiyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí agbẹjọ́rò sì wo ìwé. Ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ nílé ẹjọ́, ẹ má fi lọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á béèrè bóyá ìtànṣán òpó ń fa àìsàn. Ìgbì rẹ̀ kò ní agbára láti fọ́ ohun tó wà nínú ara bí ti X-ray, agbára rẹ̀ sì ń dínkù kíákíá bí ènìyàn bá ṣe jìnnà sí i. Ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kí ẹ bá wọn sọ, kí wọ́n gbé e jìnnà sí ilé àwọn ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìtọ́jú

Láti 2024, àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹni tó bá jí bátìrì òpó gbé kò jalè lásán. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ òpó, kí So-Safe, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò àdúgbò, náà ní in pẹ̀lú. Bí katakata bá ń bọ̀ wá ṣe ọ̀nà, kí ẹnì kan sọ fún awakọ̀ rẹ̀ ibi tí okùn gbà kọjá.

Fún ohun tí ẹ gbé kalẹ̀ fúnra yín, ẹ yan olùtọ́jú méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí kò ní lọ sí Èkó láìpẹ́. Wọn yóò máa nu pánẹ́ẹ̀lì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, wọn yóò máa gé ẹ̀ka igi tó ń hù bọ̀ síwájú eríà, wọn yóò sì máa gba owó dátà kí oṣù tó tán. Abúlé kan ní Ìjẹ̀bú pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í ṣe nítorí iná tàbí ààrá: ọmọ tó mọ pásíwọ́ọ̀dù rúútà lọ sin ìlú, ó sì sọ fóònù rẹ̀ nù. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà síìmù àti orúkọ tí wọ́n fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀ sínú ìwé, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí èkejì sì wà nínú àpótí ìlú.